Òjé Tí Èékánná Mi Wọ

Ẹ̀yin tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé e sínú. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi dá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Alágbẹ̀dẹ ni mí ní Àtíkòrí. Èmi ni mò ń yọ́ òjé, tí mo fi ń rọ ọta fún àwọn ọdẹ wa. Bàbá mi ló kọ́ mi. Wọ́n ní kí n máa po òjé líle tí wọ́n ń kàn mọ́ wíìlì ọkọ̀ mọ́ èyí tó rọ̀, torí òjé rírọ̀ nìkan a máa lẹ̀ mọ́ inú ìbọn bí ẹ̀kọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Wọ́n ní kí n máa fi èékánná họ ọta kó tó jáde nílé. Bí èékánná bá wọ inú rẹ̀, kí n dà á padà sínú iná.

Lọ́jọ́ kan, ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òjé líle ti tán. Òjé rírọ̀ tó wà nídìí àwọ̀n, tí mo rà lọ́wọ́ àwọn apẹja Ìwòpin nìkan ló kù. Múfú, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré tó jẹ́ ọdẹ, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

"Ṣé ọta lò ń rọ ni, àbí adé ọba?"

Mo họ ọ́. Èékánná wọ inú rẹ̀. Mo rí i, ẹ jọ̀ọ́, mo rí i o! Ojú ló ń tì mí láti sọ pé mi ò ní òjé líle. Mo kó ọta náà fún un.

Kò pẹ́, ìbọn bẹ́ mọ́ Múfú lójú. Ojú òsì rẹ̀ fọ́. Àwọn àgbà ọdẹ yẹ ìbọn náà wò, òjé ti dí i nínú. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni, kì í nu ìbọn. Wọ́n bi èmi alágbẹ̀dẹ léèrè, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Háà, èmi! Wọ́n yọ Múfú lẹ́gbẹ́ ọdẹ.

Múfú fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́. "Mo rò pé mò ń nù ún o," ló máa ń sọ.

Lánàá, ó wá bá mi. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, bá mi bẹ̀ wọ́n ní Sátidé, kí wọ́n gbà mí padà. Wọ́n á gbọ́ tìẹ." Mo ní mo ti gbọ́. Ó ń dúpẹ́, omi ń jáde lójú kan tó kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá jẹ́wọ́, kò sí ọdẹ tó tún máa wá sí àgbẹ̀dẹ bàbá mi. Bí mo bá dákẹ́, Múfú á wà lórí eékún, èmi á dúró tì í, màá máa bá a tọrọ ìdáríjì tó jẹ́ tèmi. Ẹ̀yin èèyàn, báwo ni mo ṣe máa la ẹnu yẹn?