Omi Mímu Pọ́ǹpù Bọ̀dá Fàtáì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Lánàá ni Ọmọlará, ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ń ka ìwé rẹ̀ sókè ní pálọ̀. Ó ní, “Kí a tó tan pọ́ǹpù, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́...” Mo já a gbà lẹ́nu rẹ̀: “Fún un lómi mu kó yó.” Ọmọ náà wò mí. “Màmá, ta ló kọ́ yín?” Mo ní kò sí ẹni tó kọ́ mi. Irọ́ ni. Irọ́ tí mo pa ní Ìsọlọ̀ lọ́dún Udójì, ọdún tí ìjọba fowó kún owó oṣù, náà ni mo tún pa.

Ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ni mo wà nígbà náà, nídìí aró. Áà, ìgbà yẹn dùn! Owó epo ń rọ́ wọlé, kálukú ń wọ léèsì, àwa ọ̀dọ́bìnrin á máa rẹ́rìn-ín láti Ọ̀ṣọ́dì títí a ó fi dé ẹnu géètì. Bọ̀dá Fàtáì, ará Ìwó, ló ń tọ́jú pọ́ǹpù tó ń gbé omi kànga wá fún wa. Èmi nìkan ló máa ń lọ yọjú sí i nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Á ní, “Abíọ́nà, o rò pé pọ́ǹpù ló ń fa omi? Abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ń da omi síwájú ni. Bí ibẹ̀ bá ti ṣófo, afẹ́fẹ́ ayé á ti omi kànga gòkè wá dí i. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá kún ikùn rẹ̀, lásán ló ń yí.” Ìdí nìyẹn tó fi ń pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù kan láràárọ̀, tí a ó máa bù sí pọ́ǹpù lẹ́nu. Bó bá lọ kírun Jímọ̀, èmi ló ń fi sílẹ̀ kí n tan án ní aago méjì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan án tí omi dà gììrì sínú táǹkì, mo jó.

Jímọ̀ ọjọ́ burúkú yẹn, mo wọ léèsì tuntun lọ síbi iṣẹ́ kí Lucy ọ̀rẹ́ mi lè rí i. Ẹ wo fáàrí! Aró ta sí i. Omi ẹ̀rọ ìjọba sì ti dá lọ́jọ́ náà. Ni mo bá bu omi dúrọ́ọ̀mù tán, mo fi fọ léèsì. Nígbà tí aago méjì lù, mo ní omi àárọ̀ á ṣì wà nínú páìpù. Mo tan án. Kò sómi, ó kàn ń kùn, títí òórùn rọ́bà tó ń jó fi gba ibẹ̀ kan. Mo sá padà sídìí aró. Kò sí omi tí a ó fi ṣan aró, gbogbo aṣọ ọjọ́ náà bàjẹ́.

Adébánjọ, fọ́máànù wa, kó wa jọ. Bọ̀dá Fàtáì ní, “Sà, mo pọnmi. Abíọ́nà ni mo fi sílẹ̀, mo ti kọ́ ọ. Ẹ bi í.” Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ṣí ẹnu mi yìí: “Èmi kẹ̀? Èmi obìnrin, kí ni mo mọ̀ nípa pọ́ǹpù?” Ẹ̀rín bú. Lucy ní, “Abíọ́nà wey dey fear rat!” Fọ́máànù ní, “Fàtáì, o jẹ́ kí pọ́ǹpù jóná, o tún ń purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.” Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Léèsì mi kò tíì gbẹ lára mi. Ní géètì, kò bú mi. Ó kàn ní, “Abíọ́nà, o mọ̀ ọ́n. Má jẹ́ kó sọnù.”

Mo jẹ́ kó sọnù. Ta ni mo tún fẹ́ tan pọ́ǹpù lójú rẹ̀, èmi tí mo ti ní mi ò mọ nǹkan kan? Ẹ̀yin ọmọ Fàtáì, níbi tí ẹ bá wà, ẹ dárí jì mí: bàbá yín kò purọ́. Ọmọlará, gbé ìwé rẹ wá. Kọ orúkọ rẹ̀ sókè ojú ewé yẹn. Ó yá, jókòó, kí n sọ èyí tí mo ṣì rántí nínú ohun tó kọ́ mi fún ọ.