Iye Tí Mo Sọ Sí Sẹ̀tónjí Létí

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, mo kí yín o. Mi ò mọ̀wé kọ. Rafíátù, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti sọ fún un pé kó má ṣe ọ̀rọ̀ mi lọ́ṣọ̀ọ́. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́.

Irọ́ kan wà lọ́rùn mi. Òkú ni mo pa á mọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìyá tó bí mi kú, kò mọ̀. Ìyàwó mi kú, kò mọ̀. Èrò mi ni pé èmi náà á gbé e wọ sàréè. Àmọ́ ohun tí Rafíátù fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ lóṣù tó kọjá kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ayétòrò ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ìlaròó ni mò ń gbé báyìí. Nígbà tí mo ṣì lágbára, gàrí ni mò ń fi kẹ̀kẹ́ kó gba Ìwòyè lọ sí òdìkejì bọ́dà. Nígbà tó di ayé ṣọ́jà, ìjọba ti bọ́dà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n tún tì lọ́tẹ̀ yìí o, ti àtijọ́ ni mò ń wí. Ọ̀nà oko pàápàá, wọ́n dí i. Wọ́n gba kẹ̀kẹ́ mi, mi ò rí i mọ́.

Ni mo bá tẹ̀lé àwọn kan lọ sí etí òkun, lẹ́yìn Bàdágírì. Wọ́n ní ilẹ̀ ni ìjọba tì, wọn ò ti omi. Òótọ́ ni. Ọkọ̀ ń gbéra níbẹ̀ láàárọ̀, á la ìgbì kọjá, á gba ojú agbami yípo, á sì gúnlẹ̀ ní òdìkejì. Èmi ń bá wọn ru ẹrù wọnú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí. Òkun kò dà bí odò Yewa. Ibi tí ìgbì ti ń fọ́ létí ilẹ̀ ló le. Tí ọkọ̀ bá ti kọjá ibẹ̀, ó bọ́. Tí ìgbì ńlá bá ká a mọ́ ibẹ̀, á dà á nù bí ẹni da omi ìfọṣọ nù. Nítorí náà wọ́n ní ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó wo òkun lọ. Bàbá àgbà kan ni, ọmọ Ègùn. Bàbá Hùnsù là ń pè é.

Láàárọ̀, kí ó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á lọ dúró sínú omi, á mù ún dé orúnkún. Á máa kà. Kì í ṣe ìgbì ló ń kà. Àárín wọn ló ń kà. Bí ọ̀kan bá fọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí kà sínú, ení, èjì, ẹ̀ta, bí ẹni ń rìn lọ jẹ́jẹ́, títí èkejì á fi fọ́. Tí kò bá ju méjìlá lọ, ẹ máa lọ. Tó bá lé ní méjìlá, ẹ dúró.

Ó ní èémí òkun nìyẹn. Ó ní tí òkun bá ń mí kíákíá, ariwo lásán ni. Ìgbà tó bá ń mí gígùn ni kí á sá fún un, kódà kí ojú rẹ̀ dán bí àwo. Ó ní ohun tó ń bọ̀ nígbà náà, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, atẹ́gùn ibí kọ́ ló rán an.

Òun ló kọ́ mi. Ó ní òun yàn mí torí pé ẹnu mi kò yá. Iye tí a bá kà, a kì í pariwo rẹ̀. Etí atukọ̀ nìkan la ń sọ ọ́ sí. Àwọn àgbà ibẹ̀ ní tí òkun bá gbọ́ iye ara rẹ̀, á yí i padà. Nígbà tí àìsàn dá Bàbá Hùnsù dúbúlẹ̀ tí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, èmi ará oko ni mo kù tí mo mọ kíkà náà.

Atukọ̀ tí mò ń sọ ọ́ sí létí ni Sẹ̀tónjí. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ga gan-an. Á wá bá mi létí omi, á tẹ ọrùn wálẹ̀, á gbé etí òsì fún mi, á ní, "Mélòó?" Mo bá sọ fún un. Kì í jiyàn. Tí mo bá ní kó dúró, á dúró. Ó kàn máa ń fi mí ṣeré ni. Á ní, "Ọmọ Ayétòrò, òkun kì í ṣe ebè iṣu o."

Ó wá di ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo dá wọn dúró, torí iye náà kò dáa. Ẹ wá wò ó, ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òkun kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń mí. Àwọn èrò jókòó lórí ẹrù wọn, oúnjẹ wọn ń tán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wò mí. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin tó ń ta aṣọ, ó ní Bàbá Hùnsù ì bá ti jẹ́ kí àwọn lọ. Ó ní, "Èyí ń wo òkun bí ẹni tó ká ìyá ìyàwó rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Sẹ̀tónjí náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ ló dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi ṣe àwáwí. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo kírun, mo lọ. Ojú ọ̀run mọ́. Atẹ́gùn kò sí. Omi náà dákẹ́, ó ń dán bí epo. Mo kà. Mẹ́rìndínlógún. Mo tún un kà. Mẹ́rìndínlógún. Láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀, mi ò kà á tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí wọn tí wọ́n ń dìde lórí ẹrù, tí wọ́n ń gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ. Mo rí obìnrin aláṣọ yẹn tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Mo bá tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun tí mo ṣe nìyí o. Mo fa kíkà náà. Mo sọ pé ení, mo dúró. Mo sọ pé èjì, mo dúró. Mo ń fà á bí ẹni ń fa okùn nínú kànga, títí ìgbì kejì fi fọ́, mo sì ti dé ẹ̀wá péré. Ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ ọ. Inú ẹnu mi ni mo ti ṣe é.

Sẹ̀tónjí dé. Ó tẹ ọrùn wálẹ̀. "Mélòó?"

Mo ní, "Mẹ́wàá."

Ó wo òkun. Ó wo ojú mi. Ó ní, "Ó dá ọ lójú?"

Mo ní, "Mẹ́wàá ni mo kà."

Ó ní ó dáa. Ó yí padà, ó lọ pe àwọn èrò.

Ènìyàn mọ́kànlá ló wọ ọkọ̀ náà. Wọ́n tì í wọ omi, kò sí wàhálà. Wọ́n ti dé àárín ibi tí ìgbì ti ń fọ́ nígbà tí omi fà kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Ó fà títí mo fi rí iyanrìn tí mi ò rí rí. Ariwo òkun dá. Mo gbọ́ ohùn àwọn tó wà nínú ọkọ̀ bí ẹni wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹnì kan ń bèèrè omi mímu.

Ẹ̀yìn náà ni ìgbì mẹ́ta wá, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Wọn ò sáré. Wọ́n ń bọ̀ jẹ́jẹ́, lábẹ́ oòrùn, wọ́n ga ju igi àgbọn kékeré lọ. Àkọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà sókè. Èkejì dojú rẹ̀ délẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, omi tún dákẹ́.

Àwọn méje jáde. Àwọn mẹ́rin kò jáde. Sẹ̀tónjí wà nínú wọn. Obìnrin aláṣọ náà wà nínú wọn.

Àwọn àgbà etí òkun pè mí. Wọ́n ní iye wo ni mo sọ fún un. Ẹ wò ó, mo lè sọ òótọ́ nígbà náà. Àwọn tó yè kò gbọ́ nǹkan kan, etí òkú nìkan ló gbọ́. Mo ní, "Mẹ́rìndínlógún ni mo sọ fún un. Mo ní kó má lọ. Kò gbọ́." Iye tí mo fi pamọ́ fún un nígbà tó wà láàyè, ìgbà tó kú ni mo wá là á sílẹ̀.

Wọ́n gbà mí gbọ́, torí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni mí.

Lọ́jọ́ kẹta, òkun gbé Sẹ̀tónjí jáde. Ibi tí mo máa ń dúró sí láàárọ̀ gan-an ló gbé e sí. Ó fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀. Etí òsì rẹ̀ wà lókè, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n sọ̀rọ̀ sí i. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i.

Wọ́n ní ọlọ́rùn líle ló fi ẹ̀mí èèyàn ṣòfò. Wọn ò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, wọ́n sin ín níbẹ̀ láìjẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ ojú ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n dáná sun àfọ́kù ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kó má tẹ etí òkun náà mọ́ láé. Kó tó lọ, ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ lẹ sọ fún un?"

Mo ní mo sọ fún un.

Ó ní, "Kò kọ ọ̀rọ̀ yín rí. Kí ló wá ṣe é lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Mo kúrò níbẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Mo padà sóko. Mi ò tún fojú kan òkun mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní wèrè. Láàárọ̀, tí mo bá ti kírun tán, èémí mi á yí padà. Á máa gùn. Mi ò ní fẹ́ kà, àmọ́ mo máa rí i pé mo ti ń kà. Bí mo bá ka iye náà dé òpin, ẹnì kan á sọ ọ́ sí mi létí, jẹ́jẹ́, pé, "Mélòó?" Mo máa ń dá a lóhùn. Iye tó jẹ́ òótọ́ ni mò ń sọ báyìí. Kì í fèsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì á tún bèèrè.

Rafíátù ń lọ ilé-ìwé gíga níbí, ní Ìlaròó. Lóṣù tó kọjá, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré létí òkun. Ó ní àwọn èèyàn ń wá síbẹ̀ láti Èkó báyìí, wọ́n ń dúró lórí pákó, ìgbì á máa gbé wọn. Láyé tiwa, ọmọdé ló ń dùbúlẹ̀ lórí àfọ́kù ọkọ̀ kí ìgbì lè gbé e. Ó ní fóònù ń sọ fún wọn bí òkun á ṣe rí lójoojúmọ́, gíga ìgbì, atẹ́gùn, àti bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó kí èkejì tó dé. Ó ní kí n wá wo tòní.

Kó tó ṣí i, mo ní, "Mẹ́tàlá."

Mẹ́tàlá ni fóònù náà sọ. Ó rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó tún bi mí, mo sọ ọ́, ó bá a mu. Ó bi mí ní ọjọ́ mẹ́fà. Lọ́jọ́ kẹfà, fóònù ní mẹ́rìnlá, èmi ní mẹ́tàdínlógún. Ó ní Bàbá ti ṣì í wàyí. Nígbà tó di ọ̀sán, ó gbé fóònù wá bá mi. Wọ́n ti yí i sí mẹ́tàdínlógún. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Bàbá, ta ló ń sọ ọ́ fún yín?"

Bóyá torí kí ọ̀rọ̀ náà lè fúyẹ́, ó wá ní kí n wo fọ́tò tí òun yà níbẹ̀. Pákó kan ni, wọ́n gbé e kọ́ sára igi àgbọn, wọ́n fi ọ̀dà kọ nǹkan sí i. Mo ní kó kà á fún mi. Ó kà á: "Má gbé etí Sẹ̀tónjí wọ omi." Ó ní wọ́n ní ọkùnrin aláìgbọràn kan ni, láyé àtijọ́, ó pa èèyàn. Ó ní òwe ni lẹ́nu wọn, ìyá ń fi í bá ọmọ wí.

Irọ́ tí mo pa mọ́ ọn ló wà lára pákó yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó wá kù nìyí. Ìyàwó Sẹ̀tónjí ṣì wà láàyè. Ìdógò ló ń gbé, kò jìnnà sí wa rárá. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mi ò gba ọ̀nà Ìdógò mọ́ torí rẹ̀. Ẹni tó ń tajà fún ìyàwó ọmọ mi ní ara ìyàwó Sẹ̀tónjí kò yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Ohun kan ṣoṣo tó ń bèèrè ni kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ibi tí wọ́n sin ọkọ òun sí kí òun tó kú. Ọmọ rẹ̀ lọ bẹ àwọn ará etí òkun. Wọ́n kọ̀.

Àkọ́bí mi ní kí n fi í sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ta ló bi yín?" Ó ní orúkọ ilé wa ńkọ́, àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ́kọ ńkọ́. Ó ní wọ́n ti ti bọ́dà, ṣọ́jà kún ọ̀nà, pé àgbàlagbà kì í rìn nírú àkókò yìí. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi ló ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé etí òkun ni kí n kọ́kọ́ lọ, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, kí wọ́n lè ṣí ọ̀nà fún un? Àbí Ìdógò ni kí n kọ́kọ́ lọ, kí n dọ̀bálẹ̀ fún un? Tí ó bá ní òun ò fẹ́ rí mi, ṣé kí Rafíátù ka ìwé yìí fún un láti ẹnu ọ̀nà? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ bá mi dá sí i. Kí ẹ sì jẹ́ kó yá, torí kò sí ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ òun tàbí èmi.

Ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ìyẹn kù sí i lọ́wọ́. Kó ṣáà ti mọ̀ ọ́n kó tó kú ni mo fẹ́. Láti ọjọ́ tó ti kúnlẹ̀ níwájú mi ló ti ń bínú sí ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà kò sì ṣẹ̀ ẹ́.