Fèrè Tí Kò Dé Ẹ̀yìn Òkè

Olùkọ́ ń sọ ìtàn òkè wa fún àwọn ọmọ iléèwé lọ́wọ́ nígbà tí mo ní kó dúró ná. Ó ti nawọ́ sí ẹ̀yìn òkè, ó ní wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Ìdí Aláìgbọràn, nítorí afọ́kúta kan tó gbọ́ fèrè tí kò kúrò. Èmi ni mo fọn fèrè náà. Irọ́ ni ìtàn yẹn. Ẹnu mi ló ti jáde, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n yí òkè ká kí wọ́n tó fi iná sí ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta. Igun kọ̀ọ̀kan ní ẹni tirẹ̀. Bí mo bá fọn fèrè, onítọ̀hún á fi òòlù lu òkúta lẹ́ẹ̀mẹta, á sì kúrò. Bí òòlù kò bá dáhùn, ẹ̀tù kò gbọdọ̀ dún.

Ọ̀rẹ́ mi ló wà lẹ́yìn òkè. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é. Ó máa ń ní fèrè mi ń dún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Lọ́jọ́ náà oòrùn mú, ó rẹ̀ mí, iwájú ni mo dúró sí tí mo ti fọn ọ́n. Ọ̀lẹ ni, kò ní orúkọ mìíràn. Ọ̀gá ibiṣẹ́ bi mí bóyá ẹ̀yìn dáhùn. Mo ní ó dáhùn.

Abẹ́ òkúta la ti gbé e.

Ọ̀gá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òkú kì í rojọ́, kí n ní ó gbọ́ ṣùgbọ́n ó kọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyàwó rẹ̀ wá sí yàrá mi, ó pọn ọmọ. Kò jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹnu yín ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ. Ṣé ó gbọ́ fèrè?”

“Ó gbọ́.”

“Òkúta ló wá jù wá lọ lójú ẹ̀.”

Kò sunkún. Láti ìgbà náà, bí ọmọ bá ṣorí kunkun, á ní kó máa ṣe bíi bàbá rẹ̀ lọ. Ogún ọdún ni mo fi ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé mi. Mi ò la ẹnu. Ó bínú sí ọkọ rẹ̀ wọ ilẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo jẹ́wọ́ fún ọmọ náà. Ó gbọ́ mi tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo tọrọ àforíjì. Mi ò ní kó tètè fún mi. Ẹ̀yin ọmọdé, bí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá pẹ́, á di orúkọ ilẹ̀.

Wọ́n fọ́ òkè náà dé ìdajì kí ibiṣẹ́ tó kógbá sílé. Ìdajì ẹ̀yìn ló kù.