Èmi Ni Mo Fi Abẹ́ Àpótí Owó Alhája Hàn Án

Ọkùnrin tó mú ìbọn dání náà kò béèrè kọ́kọ́rọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí nìyẹn. Ó kàn ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ àpótí owó, ó tẹ nǹkan kan níbẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, àpótí náà sì ṣí. Kì í ṣe ìbọn ló bà mí lẹ́rù jù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọwọ́ yẹn ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gbé e kiri. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi. Ohun tí mo gbà pé ó dí mi lẹ́nu ti kúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí. Orúkọ tí màá lò kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni gan-an. Ẹ má bínú.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹja àti adìyẹ inú yìnyín ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Addo Road, ní Ajah. Alhája ló ni ín. Èmi ni mo ń gba owó. Obìnrin kejì, tí màá pè ní Ìyá Tómi, ló ń gé ẹja. Ọmọ Eleko létí òkun ni, wọ́n bí i sínú ẹja pípa. Ẹgbẹ́ ni wá, ọ̀rẹ́ la sì ń pe ara wa. Tí oníbàárà bá ń fi ọwọ́ tẹ ẹja wò, á ní, "Òkú Èkó ni o, kò lè jí mọ́. Ẹ gbé e kí n bá yín gé e."

Àpótí owó onírin ni Alhája ní, èyí tó ń yọ síwájú tí wọ́n bá ṣí i. Ọwọ́ ẹnì kan tí súpámákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kógbá sílé ní Lekki ni wọ́n ti rà á. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá, ẹ̀rọ tó ń tẹ rìsíìtì ló máa ń ṣí irú àpótí bẹ́ẹ̀. Bí ìwé bá ṣe ń jáde ni àpótí á ṣí, àmì á sì wà pé wọ́n ṣí i. Alhája kò ra ẹ̀rọ yẹn. Wọ́n ní, "Ta ló ń béèrè rìsíìtì ẹja ní Addo? Ṣé wọ́n fẹ́ dá a padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sè é tán ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́ la fi ń ṣí tiwa, ìdí Alhája ni kọ́kọ́rọ́ náà sì máa ń wà. Tí wọ́n bá jáde, wọ́n á mú un lọ. Owó ọjà tí a bá tà, inú ọ̀rá búrẹ́dì la máa ń kó o sí títí wọ́n á fi dé.

Lọ́jọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ há sínú àpótí. Alhája pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ọkùnrin náà fi ẹ̀gbẹ́ àpótí lélẹ̀, ó sì fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan hàn wọ́n lábẹ́ rẹ̀. Tí èèyàn bá tẹ irin yẹn, àpótí á ṣí láìlo kọ́kọ́rọ́. Ìyá Tómi ló bá a di àpótí náà mú. Èmi kò sí níbẹ̀, ibà ń ṣe ọmọ mi. Alhája ní kí Ìyá Tómi má ṣe jẹ́ kí etí kẹta gbọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Alhája lọ sí òde, tí oníbàárà kan sì ń dúró de ṣéńjì. Ìyá Tómi pè mí sẹ́yìn káńtà. "Ọ̀rẹ́, wo ibí. Má sọ fún Alhája pé mo fi hàn ẹ́ o. Wọ́n á gé mi sí wẹ́wẹ́, wọ́n á tún wọ̀n mí ní kílò."

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀gá POS ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn èèyàn fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rí owó tó. Tí Alhája bá ti lọ kírun, á wọlé wá bá mi. "Àǹtí mi, ẹ bá mi wá nǹkan. Kí Alhája tó dé, màá ti dá a padà."

Mo máa ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ àpótí, màá sì fún un. Kì í jẹ́ kó dín. Á wá fún mi ní owó ọbẹ̀. Ìwé kankan kì í jáde, kò sí ẹni tó lè mọ iye ìgbà tí mo ṣí i. Mo ń sọ fún ara mi pé mi ò jalè. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe ń tan ara mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan tí Alhája kò sí, èrò pọ̀, èmi náà ń bá wọn gé ẹja. Ìyá Tómi ti gbé omi ẹja lọ dà nù lẹ́yìn ilé. Ọ̀gá POS wọlé, ó ń kánjú. Ẹ̀jẹ̀ àti ìpẹ́ ẹja kún ọwọ́ mi, mi ò fẹ́ kó yí owó. Mo ní, "Ọwọ́ mi ò dáa. Ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ fúnra ẹ, lápá òsì. Wàá kan irin kan. Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, bó ṣe rọrùn tó nìyí?"

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tí àwọn ọkùnrin méjì tí mi ò mọ̀ rí wọlé bí oníbàárà, lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí Alhája ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Owó tí Alhája fẹ́ fi kó ọjà wà nínú àpótí. Ọ̀kan yọ ìbọn, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ àpótí, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Alhája dé, wọn ò kọ́kọ́ béèrè owó. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ ní ìdí wọn, wọ́n ń wò ó. "Báwo ni wọ́n ṣe ṣí i?"

Ìyá Tómi ló dáhùn. "Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣí i, Alhája."

"Ta ló mọ abẹ́ rẹ̀?"

"Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, èmi àti ẹ̀yin ni."

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Mo dúró tì wọ́n, mo ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí n sọ. Mi ò sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún yín. Lọ́jọ́ náà ni àwọn ọlọ́pàá mú Ìyá Tómi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá POS wá kí wa kú ewu. Nígbà tí Alhája yí ẹ̀yìn padà, ó sọ sí mi létí. "Àǹtí, tí ẹ bá sọ̀rọ̀, èmi náà á sọ ẹni tó kọ́ mi. Mo sì mọ ọ̀nà tí àwọn ọmọ yín ń gbà lọ sí ilé ìwé." Ó ra adìyẹ kan, ó sì sanwó.

Ọjọ́ márùn-ún ni Ìyá Tómi lò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ń gbé oúnjẹ lọ fún un lójoojúmọ́. Ẹ má yìn mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti dárúkọ mi. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di ọ̀bẹ mú dáadáa mọ́. Alhája ní kó má padà wá. Ní Addo, ojú olè ni wọ́n fi ń wò ó, ló bá padà sí Eleko. Tómi fi ilé ìwé sílẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń yan ẹja títí di òní.

Èmi ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Alhája fi kún owó oṣù mi. Wọ́n ní olóòótọ́ ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀gá POS kó lọ sí apá ibi tí wọ́n kọ́ èbúté ńlá sí, ní Ibeju-Lekki, ṣùgbọ́n ó ń pè mí. Á kí mi, á béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ wọn, á sì pa fóònù. Mo pààrọ̀ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì. Ó rí méjèèjì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Ìyá Tómi pè mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́, ṣé o rántí Ọ̀gá POS iwájú ṣọ́ọ̀bù yín? Ọkọ̀ tó ń gbé kọ̀nténà ló pa á nítòsí wa níbí. Wọ́n ti sin ín."

Mo jókòó sórí páálí ẹja. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀rù ọdún mẹ́rin kúrò lára mi lójú ẹsẹ̀.

Ó ní, "Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ẹ rí. Nígbà tí wọ́n ń lù mí, wọ́n ń béèrè ẹni tí mo fi abẹ́ àpótí hàn. Mo rántí pé mo fi hàn ẹ́. Mi ò dárúkọ ẹ. Àwọn ọmọ ẹ kéré nígbà yẹn, mo sì mọ̀ pé o ò lè ṣe irú ẹ̀. Ìwọ nìkan lo gbé oúnjẹ wá fún mi."

Ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi. Mo ní àmín. Ó ní òun fẹ́ lọ yí ẹja òun padà lórí iná, ó sì pa fóònù.

Láti ọdún mẹ́rin yìí wá, mo ti ń sọ fún ara mi pé ọkùnrin yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ó ti wà nínú ilẹ̀ báyìí, ẹnu mi kò sì là síbẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe àwáwí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mi ò ní kí ẹ dá mi láre. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Alhája kí wọ́n lè fọ orúkọ Ìyá Tómi mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ máa tì mí mọ́lé? Àbí Eleko ni kí n kọ́kọ́ lọ? Tí mo bá sọ fún un, mo máa gba ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó rò pé òun ní lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mi ò bá sọ ọ́, yóò máa gbàdúrà fún mi lọ ni.

Ẹ sọ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Báwo ni èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?