Èmi ni Katalin

Gergő, ti ilẹ̀kùn yẹn. Dorka, jókòó tì mí pẹ̀lú ọmọ náà. Láti àná ni mo ti ń gbọ́ yín ní ilé ìdáná, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tí ẹ ń jà lórí orúkọ ọmọ. Dorka ní Catalina ni, torí ará Sípéènì lọkọ òun. Gergő ní Caterina ló dùn jù, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Mìlánì tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Dorka ní, "Ta ló bi ẹ́ léèrè, ìwọ tí o ò tíì níyàwó?" Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ ṣáà fẹ́ kí ọmọ jẹ́ orúkọ mi. Ẹ ṣé. Àmọ́ kí ẹ tó fún un, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí mo fi orúkọ náà ṣe. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí mo ti gbé e mì, kò dà nínú mi.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìdajì abúlé wa ń sọ èdè Húngárì, ìdajì ń sọ Jámánì. Àṣà wa ni pé kí ìdílé méjì pààrọ̀ ọmọ fún ọdún kan, kí àwọn ọmọ lè gbọ́ èdè ara wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí tí mo lọ sílé Màmá Rézi, tí Katharina ọmọ rẹ̀ sì wá sílé wa. Orúkọ kan náà là ń jẹ́, Kati ni ìgékúrú rẹ̀ nílé wa. Nílé wọn, mo di Kathi. Nílé wa, òun di Katalin. Nígbà tí mo padà délé, ìyá mi bu ọbẹ̀ ẹ̀wà fún mi, ó ní, "Kati kejì máa ń jẹ tiẹ̀ tán, mi ò kì í bẹ̀ ẹ́ kó tó jẹ ẹ́." Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọmọ rere ì bá ti gbàgbé ẹ̀.

Lọ́jọ́ Katalin Mímọ́, ní oṣù kọkànlá, àwọn ọmọge máa ń gé ẹ̀ka igi ṣẹ́rì sínú omi. Ẹni tí tiẹ̀ bá yọ òdòdó kí Kérésìmesì tó dé, ọdún tó ń bọ̀ ló máa rọ́kọ fẹ́. Lọ́dún tí ogun wọ abúlé wa, a pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, a jọ gé tiwa lára igi kan. Tiẹ̀ yọ òdòdó. Tèmi gbẹ. Ìyá mi pàtẹ́wọ́: "Kati wa ń lọ sílé ọkọ o!" Èmi náà wà níbẹ̀ o, mo jókòó sí iwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn Kérésìmesì, àwọn sójà tó ṣẹ́gun kéde pé kí gbogbo ọ̀dọ́ Jámánì múra láti lọ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ta ló máa gba ìyẹn gbọ́? Màmá Rézi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ bá mi fi Katharina pamọ́. Ó gbọ́ èdè yín bí ọmọ yín. Ẹ pè é ní Katalin." Ìyá mi ò tiẹ̀ ronú. Ó yíjú sí mi: "Ìwọ, máa lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ títí wọ́n á fi lọ. Katalin méjì ò lè wà nínú ilé kan." Ó mú ìwé ìrìbọmi mi fún Katharina, ó tẹ́ ibùsùn mi fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹni tó ń gba wàrà kiri sọ fún àǹtí mi pé àwọn sójà ti wà ní abúlé wa, wọ́n ń yẹ ilé dé ilé. Mo wọ bàtà mi. Ẹ má sọ pé ọmọdé ni mí, ẹ má sọ pé àárò ilé ló ń sọ mí. Mo mọ ohun tí mo ń lọ ṣe. Wákàtí kan gbáko ni mo fi rìn nínú yìnyín, kò sì sígbà tí mi ò lè yí padà. Inú ò bí mi. Ẹ̀rù ò bà mí. Mo kàn ń rìn ni.

Sójà méjì àti akọ̀wé kan láti ìlú ńlá ló wà nínú ilé. Akọ̀wé ń dá ìwé ìrìbọmi mi padà fún Katharina, wọ́n ti fẹ́ máa lọ. Ìyá mi rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra mi orí. Akọ̀wé ní, "Ta nìyí?" Mo lè ṣe bí aládùúgbò, kí n ní iyọ̀ ni mo wá tọrọ. Mo ní, "Èmi ni Katalin. Ilé wa nìyí."

Òótọ́ pọ́ńbélé. Òótọ́ yẹn ni mo fi pa Katharina.

Kò sunkún. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọ bàtà. Bó ṣe ń kọjá lára mi, ó ní, "Ibùsùn rẹ ṣì gbóná, Kati. Lọ dùbúlẹ̀, òtútù ti mú ọ." Ibi tí wọ́n kó o lọ láti máa wa èédú ló kú sí ní ọdún kejì.

Ìyá mi lo ọdún mọ́kàndínlógún sí i láyé, kò fi orúkọ pè mí mọ́. "Ìwọ" ló ń pè mí. Kò sì sọ ohun tí mo ṣe fún Màmá Rézi. Lọ́jọ́ tí wọ́n lé àwọn Jámánì kúrò nílùú, Màmá Rézi dì mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ó ní, "Kathi mi, ìwọ nìkan ló kù fún mi." Mo sì dáhùn. Mo ní, "Ẹ̀n, Màmá." Èyí burú ju tàkọ́kọ́ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé ẹ má fi orúkọ mi sọ ọmọ yìí. Tiẹ̀ ni kí ẹ fún un. Katharina, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é wọlé wá jẹun. Dorka, pè é kí n gbọ́. Mi ò ní dáhùn.