Ọmọ Ọmọ Mi Tó Wà ní Kùmásí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti òwúrọ̀ ọjọ́ kan fún yín, nígbà tí ilé mi ní Ṣakí ṣì kún. Ìgbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni. Mufu, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, tó ń tajà ní Kùmásí nílẹ̀ Gánà, kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wálé. Akósúà ìyàwó rẹ̀, ará Aṣáńtì ni. Ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá ọjà wọn ló ti kọ́ èdè wa. Ó ní òun fẹ́ se fùfú ilé àwọn fún mi. Ọmọ mi ń gún un, Akósúà jókòó ti odó, ó ń fi ọwọ́ yí i padà lábẹ́ ọmọ odó. Mo figbe ta: "Mufu, o ó fọ́ ìyàwó lọ́wọ́ o!" Akósúà ní: "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá fọ́ ọ, òun ni yóò máa fọ aṣọ gbogbo wa." Ẹ̀rín pa wá. Lọ́jọ́ kejì, èmi náà kọ́ ọ ní ọkà rírò. Ọkà rẹ̀ ṣe kókó bí òkúta abẹ́ òkè Aṣabari, síbẹ̀ a jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló ba adùn yẹn jẹ́. Mo ń bá Àríkẹ́, ọmọ ọmọ mi, ṣeré: "Ọmọ ta ni ọ́?" Ìyá rẹ̀ ló dáhùn: "Nílé tiwa, ìdílé ìyá ló lọmọ, Màámi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ín." Mo rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n Bàbá Kúdí, àbúrò olóògbé ọkọ mi, kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí sẹ́yìn ilé: "Ìyá Mufu, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yìí sọ? Ẹ máa ṣọ́ ọ o." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Bó bá ń fi èdè wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, etí mi á nà. Bó bá ń ká aṣọ ọmọ, mà á bi í pé níbo ló ń lọ.

Kí ìsinmi tó parí, ọkọ̀ ẹlẹ́rù kọlu ọ̀kadà tí Mufu gùn lọ sí Ofiki. Yéè! Òkú ọmọ mi ni wọ́n gbé wá bá mi. Ẹ̀gbọ́n Akósúà ọkùnrin yẹn wá láti Kùmásí wá kẹ́dùn. Ó gbé Àríkẹ́ lé itan, ó fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ sọ pé: "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Ojú Bàbá Kúdí pọ́n: "Ọmọ ta ni?" Kí a tó ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo jí lówùúrọ̀, mo bá yàrá wọn lófìfo. Opó wo ni kì í dúró de àdúrà ọkọ rẹ̀? Àbí ó ti gbọ́ pé àwọn ẹbí wa ń gbèrò láti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni? Mi ò mọ̀ títí dòní.

Ìsinmi mìíràn ti dé. Akósúà pè mí láti Kùmásí, ó ní òun fẹ́ mú Àríkẹ́ wá wo sàréè bàbá rẹ̀. Mo sọ fún Bàbá Kúdí. Ó ní: "Ẹ ní kó máa bọ̀. Ó máa fi ọmọ sílẹ̀, òun á máa lọ." Bí mo bá ní kó wá, wọ́n á já ọmọ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú mi. Bí mo bá ní kó má wá, ó lè jẹ́ pé mi ò ní fojú kan Àríkẹ́ mọ́ kí n tó kú. Bí mo bá sì la òótọ́ yé e, ta ló mọ̀ bóyá ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń retí gan-an nìyẹn, kí wọ́n lè rí ìdí gba ọmọ náà lọ́wọ́ wa pátápátá? Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Tèmi ti di àìsàn sí mi lára. Wọ́n tún ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ọ̀nà wo ni mo lè gbà tí orí ọmọ yìí kò fi ní wọ́?

Mi ò tíì fún Akósúà lésì. Èmi nìkan ló kù nínú ilé.