Ògiri Tó Ń Dọ̀bálẹ̀

À ń dúró kí ọkọ̀ Ayétòrò kún ní gáréèjì Kábà nígbà tí ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́, tó jókòó níwájú mi, rí bíríkìlà tó mọ ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ògiri tó yẹ kó dá erùpẹ̀ òkè dúró. Ó pè é láti ojú fèrèsé.

“Ọ̀gá bíríkìlà! Ògiri rẹ mà lẹ́kọ̀ọ́ ilé o. Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń dọ̀bálẹ̀ kí wa.”

“Màmá, òkun o,” bíríkìlà náà kí i bí wọ́n ṣe ń kíra ní Kábà. “Erùpẹ̀ ibẹ̀ ló wúwo.”

“Àṣé! Èmi rò pé òwú ni. Ẹnjiníà yà á sínú ìwé fún ọ pé kí o ki irin bọ ihò búlọ́ọ̀kù, kí o sì fi kọnkéré dí i. Irin dà?”

“Búlọ́ọ̀kù yẹn le, Màmá. Mo wò ó pé kò nílò irin.”

“Páìpù tí omi máa gbà jáde ńkọ́?”

“Mi ò fẹ́ kó ba ẹwà ògiri jẹ́ ni.”

“O ṣeun. Abẹ́ ẹwà náà ni yàrá tí ìyá mi ń sùn wà.”

Bíríkìlà náà sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn kúrò ní yàrá yẹn lónìí.”

“Mo bẹ̀ wọ́n títí lánàá. Wọ́n ní àwọn ò kúrò. Wọ́n ní ìwọ lo mọ ọ́n, pé ọmọ gidi ni ọ́.”

Ọkọ̀ Ìsánlú ni bíríkìlà náà fẹ́ wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tiwa, ó jókòó ti olùkọ́ náà, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bẹ̀ wọ́n.”